Ẹlẹ́nu-Méjì àti Ojú Àbúrò Wa

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aago,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó rọ́pò ìyá fún mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti dẹ̀ fún wọn? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá èyí tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà.

Mo mọ̀ pé àhesọ ti dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ní mo fẹ́ pa àbúrò wa. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín: bí kì í bá ṣe ti wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ǹ bá ti pa á.

Ẹ mọ wèrè mi lórí àwọn giramafóònù àtijọ́, àwọn tí a ń fi ọwọ́ yí kí wọ́n tó kọrin. Mọ́kàndínlógún ni mo ti kó jọ: èyí tó ṣeé ká bí àpótí ìwé, èyí tí wọ́n kàn mọ́nú tábìlì, èyí tó jẹ́ bébà ni wọ́n ká ṣe fèrè ẹnu rẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde. Ẹ̀yin náà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ká ní obìnrin kan wà tó ní fèrè lórí ni, ǹ bá ti gbéyàwó tipẹ́. Àbúrò wa nìkan ni kò fi mí rẹ́rìn-ín rí. Òun tó jẹ́ kápẹ́ńtà ló ń tún ara igi wọn ṣe, èmi á tún inú wọn ṣe, torí ọmọ ìyá ni aago àti giramafóònù, sípíríǹgì ló ń gbé àwọn méjèèjì rìn.

Lóṣù tó kọjá, opó awakọ̀ ojú irin kan pè mí pé kí n wá wo aago ara ògiri òun. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ni mo ti rí i: giramafóònù ẹlẹ́nu méjì! Fèrè idẹ kan kọjú sápá ọ̀tún, èkejì kọjú sápá òsì, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá irú rẹ̀. Màmá náà ní kí n máa gbé e lọ, pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun ò fẹ́ gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n ara igi yẹn gan-an ni ẹni tó ṣe é fi ọ̀bẹ fín orúkọ ara rẹ̀ sí. Lójú àwa tó ń kó wọn jọ, orúkọ yẹn ni ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Mo gbé e fún àbúrò wa pé kó bá mi pa ikán inú rẹ̀, mo sì rìnrìn-àjò lọ wá abẹ́rẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀ orúkọ náà fún un. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dijú." Mo dijú. Ìgbà tí mo lajú, àpótí tuntun ni mo rí, ó ń dán yinrin. Mo bi í pé igi àtijọ́ ńkọ́.

Ó ní, "Pàǹtí tí ikán ti jẹ yẹn? Mo ti fi dáná, mo fi se gúlúù tí mo fi lẹ èyí."

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ìgbà tí mo mú irin tí a fi ń yí giramafóònù náà. Mo là á mọ́ ọn lẹ́nu, eyín méjì fò sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ẹ̀rín ò tíì kúrò lójú rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà sí i láyà. Mo tún gbé irin sókè, ojú òsì rẹ̀ ló gba èyí. Igbe tó ké kò jọ ti ènìyàn. Ó fọwọ́ wá nǹkan lórí bẹ́ńṣì, ó bá ṣísẹ́ẹ̀lì tó fi ń gbẹ́ igi, ó sì gún àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi mọ́ pákó. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà yìí. Mo fa ọwọ́ mi yọ, mo fi orí kàn án. A ṣubú lu giramafóònù náà, fèrè méjèèjì rún wómúwómú lábẹ́ wa. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó ń fi pákó lù mí lẹ́yìn, ó ń ké pé, "Bọ̀dá, ọmọ ìyá yín ni! Ọmọ ìyá yín ni!" Mi ò gbọ́. Mo ti fún un lọ́rùn, mo sì ń fún un lọ, títí wẹ́dà fi gbé mi ní ìbàdí, tó là mí mọ́ ògiri, tó sì jókòó lé mi láyà.

Ojú òsì yẹn ti lọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń di ojú kan kó lè mọ̀ bóyá pákó tọ́. Èyí tó fi ń wò ó ni mo fọ́.

Ọlọ́pàá lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ó ní sípíríǹgì ló já, tó ta òun lójú. Nígbà tí mo gbọ́, ara mi ò gbà á. Mo lọ sí tésàn fúnra mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá wọn wò mí tẹ̀gàn-tẹ̀gàn, ó ní, "Ẹni tó ni ojú ò fẹjọ́ sùn. Kúrò níwájú mi." Mo délé, mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn tó kù. Mo fọ́ mẹ́rin kí n tó dáwọ́ dúró. Kò tù mí lára. Ìbínú ò da nǹkan fún ni. A mọ̀ ọ́n lẹ́nu, kò dé ọwọ́ wa.

Ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kí n wọ yàrá tó wà, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ọ̀sán-ọ̀sán ni mo ń lọ jókòó síta. Lánàá, nọ́ọ̀sì kan jáde wá pé àbúrò mi rán òun sí mi. Mo dìde, mo rò pé èpè ni. Ó ní, "Ó ní kí ẹ ká ìka ọwọ́ ọ̀tún yín kí n wò ó, pé ṣé ẹ ṣì lè fi di irinṣẹ́ mú." Mo na ọwọ́ náà sí i. Ìka mẹ́ta ká, méjì ò ká. Ó wọlé lọ sọ fún un. Láti ibi tí mo dúró sí, mo gbọ́ tí ọkùnrin tí mo fọ́ lójú ń sunkún nítorí ìka méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Oníṣẹ́ Aago.