Ìwé Èsì Tí Màmá Kò-ní-dùn-ọ́ Fi Pamọ́

Ọdún 1951 ni wọ́n bí olóògbé, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí í ṣe bàbá wọn. Ìyá wọn ń ṣe búrẹ́dì tà.

Ní 1973, Màmá jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Ní 1975, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú awakọ̀ ojú irin kan tó jẹ́ onísùúrù. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Iṣẹ́ Màmá ni láti máa gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn fún àyẹ̀wò. “Kò ní dùn ọ́” ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá nawọ́, òun náà ló di orúkọ wọn. Irọ́ ni, ó máa ń dun ni. Wọn kì í pẹ́ dé ìsìn.

Ojú ń tini láti kọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n Màmá ní kí wọ́n má fò ó. Ní 2009, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń mú èémí pa àkọ́bí wọn láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀, tó wá láti ẹ̀yà mìíràn, wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ara rẹ̀ sì yá. Màmá ní ẹ̀yà ìyàwó náà ló ń gbé àrùn kiri láìkú, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló pa ọmọ òun. Àwọn ọmọ Màmá tó kù gbé àpótí aṣọ ìyàwó náà síta, wọ́n sì lé e jáde, tòun ti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún méjì tó pọ̀n sẹ́yìn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsì ìwádìí táwọn dókítà ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára gbogbo ìdílé nígbà àìsàn náà tẹ Màmá lọ́wọ́. Ohun àjogúnbá kan wà tí kì í jẹ́ kí ara tètè dá fáírọ́ọ̀sì náà mọ̀. Ó wà nínú ẹ̀yà méjèèjì, bó tilẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ. Ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń wá a, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà. Ìyàwó kò ní in. Lára Màmá ni àkọ́bí ti jogún rẹ̀, ọmọdébìnrin náà sì jogún rẹ̀ lára bàbá rẹ̀. Ìwé náà ní kí wọ́n tètè fún ọmọ náà ní àjẹsára.

Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Màmá ká ìwé náà, wọ́n sì fi í sábẹ́ aṣọ.

Ní 2011, àrùn náà padà dé, ó sì mú ọmọdébìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi ń bá ọmọ náà mí. Màmá gbé ìwé èsì náà lọ bá wọn, wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn: “Ìyàwó mi, ẹ̀jẹ̀ tèmi ni. Mo ti mọ̀ tipẹ́.” Ìyàwó kà á tán. Ọjọ́ tí ìwé náà dé nìkan ló béèrè.

Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bẹ àwọn ìdílé kí wọ́n lọ gba èsì wọn.

Ọmọ mẹ́ta, ọmọ ọmọ méje, àti ìyàwó kan tí a lé jáde ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìtàn yìí ń sọ nípa wọn, àwa ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tiwa náà ní 2009, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè èsì. Ìyàwó wa, a jẹ̀bi.

Màmá, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run dárí jì yín, kó sì kọ́ àwa tó kù ní òótọ́.