Fánìṣì Orí Gìtá Mi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn, mi ò sì ní purọ́ fún ìwé mi.

Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, olórí ẹgbẹ́ akọrin wa, wá sílé lónìí. Òun ló wo gìtá tí mo fọwọ́ ara mi kùn lọ́dà lọ́jọ́sí, tó sì bi mí lójú gbogbo akọrin pé, "Ṣé pósí lo gbé wá ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Mo fi sáńpépà ha á, mo tún un kùn ní pupa, mo wá ń fi fánìṣì tó mọ́ bí omi pa á lára léraléra, títí mo fi ń rí ojú mi nínú ẹ̀.

Gìtá ti Bùrọ̀dá Káyọ̀dé wá já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Liverpool Road, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́. Ìkórè sì ni lọ́la.

"Sista Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tiyín."

Ẹnu tó ń pè mí ní "ìwọ" tẹ́lẹ̀ ló wá ń sọ "ẹ" yìí.

Ó na ìka sí gìtá mi. Mo pariwo, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Fánìṣì ẹ̀ ò tíì gbẹ." Ó bẹ̀ mí títí, ó sì lọ.

Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti gbẹ. Kó fi ẹnu ta gìtá lọ́la.