Olúgbóyèga Ọláníran (1939–1988), Ẹni Tí Kò Fi Jẹ́sì Ta Ọmọ Alága Lọ́rẹ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 1988, Ìyáàfin Bernice Àpèkẹ́ Ọláníran ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nílé wọn ní Festac nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Àmúsà, awakọ̀ ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, kanlẹ̀kùn. Ó ti ṣí fìlà lórí.

“Ìyá Ajíbọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó.”

Ìyáàfin kò jókòó. “Ọsibítù wo ni wọ́n gbé Bàbá Ajíbọ́lá lọ?”

Àmúsà bú sẹ́kún. Báyìí la ṣe gbọ́ pé Olúgbóyèga ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹgbẹ́ rọ́gbì tó ti ṣe olùkọ́ fún ti ránṣẹ́ sí wa pé kí a kọ ọ́ síbí pé ńṣe ló fi iṣẹ́ olùkọ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, torí iṣẹ́ ìjọba wọ̀ ọ́ lọ́rùn. A ò ní kọ ọ́. Irọ́ ni. Wọ́n lé e ni. Òun kò lè sọ tẹnu rẹ̀ mọ́; àwa ẹbí rẹ̀ la ó bá a sọ ọ́, kí orúkọ rẹ̀ má bàa wọ ilẹ̀ pẹ̀lú irọ́.

Ìgbájọ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1939, sínú ìdílé Olóògbé Josiah Ọláníran, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, àti Màmá Rosaline Ọláníran, aláṣọ òfì. Ọmọ kẹta ni. Abẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti kàwé, níbi tí bàbá ti ń na tirẹ̀ ṣáájú ọmọ ẹlòmíràn. Lọ́dún 1964, ìjọba rán an lọ sí Wales láti kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Níbẹ̀ ló ti mọ rọ́gbì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Ó gbé Bernice níyàwó ní Ìbàdàn lọ́dún 1969. Nígbà tí ìjọba fi ìbò pín ilé Festac, orúkọ tirẹ̀ náà jáde. Títí tó fi kú, ó máa ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ pé, “Wọn ò béèrè ọmọ ta ni mí.”

Lọ́dún 1981 ló di olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà. Òfin kan ló gbé kalẹ̀: ẹni tó bá wá sí ìdánrawò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló lè wọ jẹ́sì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pín jẹ́sì. Ẹni tí kò bá rí gbà, á pè é síwájú gbogbo wọn, á sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ajíbọ́lá ọmọ rẹ̀ sùn gbàgbé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá ní kó jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Bàbá ẹ ò mọ̀ ẹ́ níbí o!”

Lọ́dún 1987, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdíje àṣekágbá, ó fi jẹ́sì nọ́ńbà kẹwàá fún Sùrájù, ọmọṣẹ́ kápẹ́ńtà tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Mazamaza. Ọmọ alága ẹgbẹ́ (a ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀) kò yọjú sí pápá fún odidi oṣù kan. Àfi bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Pijó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó ti wọ jẹ́sì tuntun láti ilé, nọ́ńbà Sùrájù gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Olóògbé ní kó bọ́ ọ.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá, ẹ rọra o. Ta ló ra jẹ́sì tẹ́ ẹ ń pín?”

“Bàbá rẹ ló rà á. Wọn ò ra ipò Sùrájù mọ́ ọn.”

Sùrájù ló gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jókòó ní pálọ̀ alága ní Satellite Town, wọn ò pe olóògbé, wọ́n sì yọ ọ́. Wọ́n ní ó le mọ́ ọmọdé. Ṣé ẹni tó ń sọ òótọ́ fún ọmọdé lójúkojú ló le mọ́ ọn? Láti ìgbà náà, pálọ̀ ni wọ́n ti ń pín ipò. Àwọn ọ̀dọ́ ń dé pápá nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n ń dá àgbà lóhùn bí ẹgbẹ́ wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ làágùn fún? Àwọn nìkan kọ́ la ó bá wí. Àgbà ló kọ́ wọn.

Ó tó oṣù mẹ́ta tí olóògbé fi ń wọ bàtà pápá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó tó rántí, kó sì tún bọ́ ọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ kọrin nínú ìjọ rẹ̀ ní Amuwo, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́.

Ó fi màmá rẹ̀ sáyé, àti Bernice aya rẹ̀, pẹ̀lú Ajíbọ́lá, Ẹ̀bùnlọlá àti Ọmọ́ṣaléwá, àwọn ọmọ rẹ̀. Kò dúró rí ọmọ-ọmọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Ìyáàfin Bernice gbé omi tútù nínú kúlà, ó forí lé pápá. Ajíbọ́lá sáré tẹ̀ lé e.

“Màámi, ọmọ alága máa wà níbẹ̀ o.”

“Mo mọ̀.”

Ife kan ló fi bu omi fún gbogbo wọn lórúkọ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó kan ọmọ alága, ọmọ náà ń fà sẹ́yìn, kò lè wò ó lójú. Ìyáàfin bu tirẹ̀ kún bó ṣe bu ti Sùrájù, ó sì nà án sí i.

Olúgbóyèga, ọmọ Ọláníran, fọkàn balẹ̀ sùn.