Ìgbálẹ̀ Màmá

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lónìí pé ọkàn àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè òfuurufú máa ń súnkì, torí ara fúyẹ́ lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ọkàn sì dínkù. Ọ̀kan bi mí pé, "Sà, ṣé ìsinmi ń pa ọkàn lára ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo délé, Màmá dìde láti lọ bu omi mu. Kí wọ́n tó dé ìdí kúlà, wọ́n ti ń mí hẹlẹ.

Ẹsẹ̀ wọn tó rọ́ lọ́dún tó kọjá ti jinná tipẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dìde mọ́, kí àwọn ará Igbein, àdúgbò wa, má baà sọ pé mò ń fi ìyá mi ṣiṣẹ́.

"Àkàndé, jẹ́ kí n gbálẹ̀ díẹ̀." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń dá wọn padà sórí àga, bí ọmọ gidi.

Àwọn tó lọ sókè òfuurufú yẹn, ṣe ni wọ́n ń so ara wọn mọ́ ẹ̀rọ kí wọ́n lè sáré, kí ọkàn wọn má baà rọ. Ìgbálẹ̀ lásán ni ìyá mi ń tọrọ. Orí àjà tí mo fi ìgbálẹ̀ náà pamọ́ sí ló ṣì wà.