Ìpá Mi Tó Dá Ìjà Sílẹ̀ Nílé Aṣòfin

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ ò dààmú rẹ mọ́ lórí omi ẹ̀rọ? Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn kò ní fo orúkọ rẹ, àmín. Tiwa náà kò burú, a dúpẹ́. Òrùlé ẹ̀yìn ti ń jò, àbúrò ìyá rẹ ti bí ọkùnrin, orí ọmọ náà tóbi bíi ti àwọn bàbá rẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò wa sì ti jẹ kọ́là ẹ̀wù mi kan. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí mo gbọ́ pé ohùn èèyàn máa ń gba ojú ọ̀run kọjá kó tó dé etí ẹni tí a pè, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo ojú ọ̀run gbọ́.

O rántí ìpá tó ti ń yọ mí lẹ́nu látìgbà tí mo ti ń gbé pákó. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn wá gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá rẹ ló tì mí lọ sọ́sípítù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n dì mí, wọ́n tún fún mi ní tíì, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ń rìn bí ọ̀dọ́kùnrin, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbà tó yá, mo ṣí rédíò, mo gbọ́ tí àwọn aṣòfin ń pariwo mọ́ra wọn. Ẹgbẹ́ kan ní owó tí wọ́n ná sórí ìtọ́jú yìí ti pọ̀ jù, pé àpò orílẹ̀-èdè fẹ́ gbẹ, pé àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò san án. Ẹgbẹ́ kejì ní irọ́ ni. Wọ́n dárúkọ bílíọ̀nù. Mo bi olùkọ́ àdúgbò pé èló ni bílíọ̀nù, ó ní òun náà ò tíì rí i rí. Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Mo mọ̀ pé ìpá mi tóbi, dókítà gan-an pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó wá wò ó, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó tó ohun tí orílẹ̀-èdè ń tìtorí rẹ̀ yáwó. Mo yí ojú rédíò sí ògiri.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi, mo ní kó bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kì í ṣe tèmi nìkan, ọ̀rọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Èyí ló wá pa mí pátápátá, pé gbogbo orílẹ̀-èdè ti gbọ́.

O mọ̀ pé èmi ni mo kan àga fún ọ́fíìsì ẹgbẹ́ méjèèjì níbí, ti òkè ọ̀nà tó fẹ́ òfin ìtọ́jú ọ̀fẹ́ náà àti ti ìsàlẹ̀ ọ̀nà tí kò fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí mo lọ tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe nísàlẹ̀ ọ̀nà, akọ̀wé wọn ń sọ pé àwọn arúgbó aláìsàn ló jẹ orílẹ̀-èdè yìí tán. Abẹ́ tábìlì náà ni mo wà, mi ò jáde títí wọ́n fi lọ jẹun. Alága òkè ọ̀nà ní tirẹ̀ dì mọ́ mi, ó ní èmi ni ẹ̀rí àwọn, kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé gbangba tí ẹgbẹ́ méjèèjì yóò wà. Mo rò pé ààyè àtitọrọ àforíjì ló ṣí sílẹ̀ yẹn. Mo wọ ẹ̀wù tí ewúrẹ́ kò jẹ, mo ṣí fìlà, mo sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà mọ́ nítorí mi. N ó san án díẹ̀díẹ̀. N ó fi àga bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn ìsàlẹ̀ ọ̀nà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ rí i, ó ti jẹ́wọ́. Alága òkè ọ̀nà gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Látọjọ́ náà ni mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìyẹn kò tilẹ̀ dùn mí tó èyí tó kàn. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìyá rẹ láti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀ tí àwọ̀ funfun bò ti pé, mo ní kó má lọ. Mo ní ilé kan ṣoṣo kò lè ti orílẹ̀-èdè sí gbèsè lẹ́ẹ̀mejì, kó mú un mọ́ra títí àwọn aṣòfin yóò fi parí ìjà. Kò bá mi jiyàn, ó padà sídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, oníbàárà rẹ̀ kan dá ẹ̀wù ọmọ padà: ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ìyá rẹ rán apá méjèèjì mọ́. Obìnrin náà ò bínú, ó kàn ní òun yóò wá ẹlòmíràn. Ìyá rẹ jókòó, ó ń fi ọwọ́ wá ojú rírán kó lè tú u, abẹ́rẹ́ sì ń gún un. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ní:

"Bàbá wọn, nígbà tí wọ́n ń la ikùn yín, mi ò gbọ́ pé orílẹ̀-èdè wó. Ṣé ojú tèmi ló máa wá wó o?"

Ìtìjú tó mú mi níwájú gbogbo ìlú, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ìtìjú tèmi ni mo fẹ́ fi ojú tirẹ̀ san.

Mo ti lọ gba ọjọ́ mìíràn fún un, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ránṣẹ́, àti ti awò dúdú tí wọ́n ní yóò lò. Bó bá ṣẹ́kù, fi díẹ̀ kún un tí n ó fún ìjọba, kí wọ́n má bàa ní a kò gbìyànjú. Má gba ti báńkì o, afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀ ń mú kí owó súnkì, torí iye tí mo fi síbẹ̀ kọ́ ni mo máa ń bá. Níwọ̀n bí ìwọ àtàwọn aṣòfin sì ti jọ wà nílùú kan náà, yà sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan kó o tó lọ síbi iṣẹ́. Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa jà lórí tèmi nìṣó, mo gbà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyàwó onípàá náà ló ń bọ̀ wá ṣe ojú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Wàá rí jẹ, wàá rí fún ẹni. O kò ní ṣe ohun tí wàá fi máa sá fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá tú aṣọ kúrò lójú ìyá rẹ, ẹni tó bá jókòó tì í ni yóò kọ́kọ́ rí. Èmi ni n ó jókòó tì í. Mi ò tíì mọ ojú tí n ó fi wò ó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.