Ọ̀bẹ Tí Mo Fi Owó Bẹ́ẹ̀dì Rà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ara wa le. Ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi kò wú mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mú nínú owó bẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi ránṣẹ́, mo fi ra ọ̀bẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú.

Alágbẹ̀dẹ kan ló rọ méje péré láti fi dán iṣẹ́ wò, ọ̀bẹ tó ń ká wọ inú èèkù ara rẹ̀. Ó wọ́n bí ojú! Ọkọ mi ń wò ó ṣáá, torí iṣẹ́ bàtà rẹ̀. Ṣé ó tówó yẹn? Ojú ń tì mí, àmọ́ mo ní fún alágbẹ̀dẹ náà pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ n fi gé awọ ná." Ó mú lóòótọ́. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń mì nínú èèkù, Bàbá." Ọkọ mi fi ìgúnpá gún mi.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ẹni márùn-ún ti rà á, dídán rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yìn. Àbùkù rẹ̀ gan-an ni mo ń wá!" Ó fún ìdè rẹ̀ le, ó sì gba ìdajì owó rẹ̀ péré lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gá ni ọkọ mi ń pè mí báyìí! Bàtà ọjọ́ méjì, ọjọ́ kan ló fi ń parí ẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kọ́wọ́ yín gbẹ. Ẹ fi okùn wọn ẹsẹ̀ yín, kẹ́ ẹ fi í sínú lẹ́tà. Bàtà tiyín ló kàn.

Àbúrò yín,
Ìyàwó Oníbàtà