Pàṣán Tí Mo Mú Lọ Fún Tíṣà Hikmat

Àjàrá, Badagry,
Ọjọ́ Ajé.

Mosúnmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìkejà, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ara tèmi le, ìbínú ni kò jẹ́ kí n gbádùn, ìwọ lo sì fà á.

Ilé ẹ̀kọ́ tó o ní kí n mú ọmọ rẹ lọ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, Hikmat kò tíì mú ABD kan wálé. Iyanrìn ló ń mú wálé, nínú ìbọ̀sẹ̀. Àwa tí a ń gbé etí òkun, ṣé iyanrìn ló wọ́n wa tí a fi ń sanwó lọ wò ó? Wọ́n ní ká mú èèpo àgbọn wá, mo ru àpò kan lọ, mo ṣebí wọ́n fẹ́ fi dáná ni, àṣé àwọn ọmọ ló fẹ́ fi ṣeré. Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí ló ń mú inú ọmọ yín dùn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí, ẹ̀kọ́ ló wá kọ́.

Nígbà tó sú mi, mo gé pàṣán tuntun fún Tíṣà Ruth tó ń kọ́ Hikmat, bí bàbá mi ti ṣe fún tíṣà tèmi, mo ní kó na ọmọ dáadáa, kó ṣáà fi egungun sílẹ̀ fún wa. Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́ gan-an. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, ó ti so okùn mọ́ pàṣán mi, wọ́n ń fi í pẹja bébà nínú ọpọ́n, Hikmat ló dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní eré yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Mo ní ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ kí n tó yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo ń yan ẹja, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé. O mọ̀ pé láti ìgbà tó o ti lọ, ọmọ yìí kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Ó to èèpo àgbọn sílẹ̀, ó ń pe orúkọ wọn bíi tíṣà. Ó pe Màmá Àgbà, ó ní mo wà. Ó pe ewúrẹ́, ó ní ó wà. Ó pe Mọ́mì mi, ó tún pè é, ó wá gbé èèpo yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kò tíì dé. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ.

N kò yọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Fi owó ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ kún un fún pàṣán mìíràn, wọ́n ní ọ̀kan kò tó àwọn ọmọ láti fi pẹja. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, pàápàá àbọ̀. Sátidé yìí ni kó o wá. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ìyá rẹ,
Fàúsátù.